Láti gbígbé àwo kiri sí iṣẹ́ olówó oṣù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ ní Abẹ́òkúta

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé àwo oúnjẹ kiri ní ilé oúnjẹ kan lágbègbè Pánṣẹ́kẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún. Nígbà míì ó di márùn-ún, nígbà míì ó di ọ̀kan ṣoṣo. Lónìí, èmi ni mò ń bójú tó sítọ́ọ̀ oúnjẹ ní ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, níbí náà ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí a jọ ń fọ àwo nígbà yẹn ṣì máa ń pè mí, ìbéèrè wọn kì í sì í yàtọ̀ síra púpọ̀. Mo kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ohun tí mo máa ń fi dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, mo ń gbowó lọ́jọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́, oníbàárà náà sì máa ń fún mi ní nǹkan. Kí ló wá burú nínú iṣẹ́ mi?

Iṣẹ́ náà ò burú. Ẹni tó ń kàwé lọ́wọ́ ní MAPOLY, tó kàn fẹ́ rí owó ọkọ̀ àti owó fọ́tókọ́pì, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ bá a mu gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ilé, tó sì ní ọmọ tí wọ́n ń lé wálé nítorí owó ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wo bí ọdún ṣe máa ń rìn ní ìlú yìí. Oṣù Kejìlá, àga kì í tó fún oníbàárà. Oṣù Kìíní dé, gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ owó ná. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì dé, ilé oúnjẹ ṣófo lọ́sàn-án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ìsinmi, àwọn búkà láti Camp títí dé Àlàbátà dákẹ́. Ní ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, wọn ò sì padà títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ẹni tó ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ yunifásítì FUNAAB mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọdún 2020 sì rèé, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ìlú pa nítorí àrùn Kòrónà, Èkó, Ògùn àti Abùjá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn olówó oṣù kan jókòó sílé, owó wọn ṣì ń wọlé. Àwa tí à ń gbowó ojúmọ́, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ ti náà ni àpò tiwa ti.

Ọ̀gá ò mọ iye ènìyàn tó máa wá jẹun lọ́la, òṣìṣẹ́ náà ò mọ̀ bóyá wọ́n máa pe òun. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Kí ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ iye tó wọlé sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì kọ owó ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi orí lásán ṣírò rẹ̀ o. Orí máa ń rántí ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àwọn tó ti òde ìyàwó bọ̀ fún yín lówó. Ó máa ń gbàgbé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò rọ̀ láti àárọ̀, tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ ilé ní agogo méjì. Nígbà tí mo ṣe tèmi, oṣù tó dára jù lọ fi ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ju èyí tó burú jù lọ. Owó ilé tí mò ń san kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oṣù méjèèjì.

Kí lẹ wá ń pè ní iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀?

Mi ò kì í wo orúkọ ilé-iṣẹ́, mi ò sì kì í wo bí géètì rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń béèrè: ṣé wọ́n á fún mi ní ìwé? Ọjọ́ wo ni owó ń wọlé? Tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti dáhùn díẹ̀ nínú wọn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa san án. Òfin náà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún fún àìsàn tí dókítà bá fi ọwọ́ sí i, owó rẹ̀ ò sì ní dúró. Lẹ́yìn ọdún kan, ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ọjọ́ ìsinmi kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọjọ́ méje. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí wákàtí kan fi sinmi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn. Ní ibi tí mo ti wá, ìdúró ni a fi ń jẹun, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìn, kí ọ̀gá má baà rí wa.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ ẹni tó ń wọ táì lọ sí bánkì lójoojúmọ́, àmọ́ tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbà á, tó fi í ránṣẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Mo tún mọ ìyá kan tó ń se ẹ̀kọ fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ọkàn ìyá ẹlẹ́kọ ló balẹ̀.

Wọ́n ní owó oṣù tó kéré jù lọ ti di ₦70,000. Ṣé kò kàn mí ni?

Ó ṣeé ṣe kó má kàn yín, èyí sì máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Oṣù Keje ọdún 2024 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ₦70,000 yẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fi kún un fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ó di ₦77,000. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pààtì-táìmù sílẹ̀ pẹ̀lú. Ilé oúnjẹ mélòó ní Ìbarà tàbí Kútọ̀ ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ẹni tí wọ́n gbà fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní búkà olóṣìṣẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni òfin yọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí kan rèé tí mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí owó ojúmọ́ á gbéra fúnra rẹ̀.

Wọ́n máa ń yọ owó àwo tó bá fọ́ kúrò nínú owó mi. Ṣé ó tọ́?

Òfin ò fún ọ̀gá láyè láti kàn máa yọ owó bó ṣe wù ú. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí kò kọbi ara sí iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí ìwé, kó tó lè yọ iye tó bá mọ́gbọ́n dání. Wọ́n ti yọ owó ife mẹ́fà lára tèmi rí nítorí tíréè tí ẹlòmíì kọlù. N kò mọ òfin yìí nígbà náà. Ká tilẹ̀ ní mo mọ̀ ọ́n, bóyá ni ǹ bá là ẹnu mi, torí ẹni tí wọn ò fún ní ìwé, "má wá mọ́" kò ju gbólóhùn kan lọ.

Epo gbígbóná dà sí mi lápá lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ní kí n lọ ra oògùn. Ṣé ó parí síbẹ̀?

Rárá. Òfin kan wà láti ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Kò yọ òṣìṣẹ́ pààtì-táìmù tàbí alágbàṣe sílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó náà, fún irú ọjọ́ yẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Ẹ sọ ọ́ lórí ìwé tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹ sì ya àwòrán ibi tó bó náà.

Mi ò ní ju WAEC lọ. Ta ló máa gbà mí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń bu ara wọn kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe gbà mí. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwa mẹ́rin la jókòó. Ẹni méjì ní HND. Bọ́sà ilé-ìwé náà wò wá, ó ní: "Ọmọ ọgọ́rùn-ún, báàgì ìrẹsì 50kg kan á tó wọn lẹ́ẹ̀mélòó?" Gbogbo yàrá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èmi ni mo dáhùn pé: "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, mà, tí kò bá sí olè ní kíṣìn." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Kò béèrè WAEC mi mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó.

Ohun tí ẹ mọ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀wà tó kọ́kọ́ wọ sítọ́ọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ẹ mọ bí ẹran ṣe ń rí tó bá ti fẹ́ bàjẹ́, ẹ mọ POS lò, ẹ mọ bí a ṣe ń ka owó ní alẹ́ kó má dín, ẹ sì mọ bí a ṣe ń pẹ̀tù sí oníbàárà tó ń pariwo pé ẹja òun kéré. Àwọn ibi tó ń wá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìlú yìí: ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn Àrò, FUNAAB, àwọn ilé-ìwé aládàáni tí ọmọ ń gbé inú wọn, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ní Òkè-Ìlèwó àti Ìbarà, àti ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lójú ọ̀nà Ewékorò. Kì í ṣe kíṣìn nìkan ni ẹ lè wọ̀ o. Ẹ wo sítọ́ọ̀, ẹ wo ibi ìgbowó, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò.

Tí ẹ bá ń kọ CV, ẹ má kọ ọ́ pé "mo jẹ́ wétà" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ fi iye sí i: tábìlì mélòó ni ẹ máa ń tọ́jú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, oṣù mélòó ni ẹ fi ń ka owó alẹ́, ènìyàn mélòó ni ẹ kọ́ níṣẹ́. Ojú ìwé kan ti tó.

Ẹ sì wá ìwé ẹ̀rí kan tó bá iṣẹ́ ọwọ́ yín mu. NABTEB ń ṣe ìdánwò lórí oúnjẹ sísè, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà sì ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀ sí trade test, láti ìpele kẹta dé ìpele kìíní. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mọ ohun tí wọ́n máa béèrè. Ìwé lásán ni ẹ ò ní.

Iṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mosàn ńkọ́?

Ó dára tí ẹ bá rí i. Ẹni tó ní WAEC sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, ẹni tó ní OND ní ìkẹfà, ẹni tó ní HND tàbí dígírí ní ìkẹjọ. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọdún 60 láyé, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni ìfẹ̀yìntì. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kéde rẹ̀, kí ẹ sì máa bá ìgbésí ayé yín lọ. Mo mọ ẹni tó kọ iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan ní òun ń bá a "sáré rẹ̀" ní Òkè-Mosàn.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé wọ́n ti mú mi, kí n san owó fọ́ọ̀mù.

Ẹ má san án.

Irú jìbìtì kejì ni èyí tí wọ́n á ní kí ẹ wọ aṣọ dúdú àti funfun wá sí ọ́fíìsì kan, ẹ débẹ̀, ẹ bá ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹnìkan wá ń fi mọ́tò tí òun rà hàn yín lórí ògiri. Ọjà ni wọ́n fẹ́ kí ẹ rà, wọn ò ní iṣẹ́ kankan. Ní ti àwọn tó ń bá ènìyàn wá iṣẹ́, òfin ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹ dìde.

Wọ́n ní kí n mú onídùúró méjì wá.

Ibi tó ń gba ènìyàn sí sítọ́ọ̀ tàbí sí ìdí owó gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń fẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti pẹ́. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè. Ẹ lọ bá àwọn ènìyàn yín báyìí, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé. Oníbàárà kan tó máa ń jẹ àmàlà lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló dúró fún mi. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́ta ni o fi fún mi ní ṣéńjì mi pé, kí ni mo tún fẹ́ mọ̀?"

Báwo ni kí n ṣe sọ fún ọ̀gá mi?

Ẹ má sọ fún un kí lẹ́tà tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìlérí orí fóònù kọ́ ni lẹ́tà. Tó bá ti dé ọwọ́, ẹ fún un ní àkókò tó tọ́. Òfin ní: ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan; ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta tí kò tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan; ọdún méjì tí kò tó márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì; ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Láti ọ̀sẹ̀ kan lọ sókè, ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ fún yín ní iye ọjọ́ kan náà tó bá fẹ́ dá yín dúró, ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Lẹ́tà náà kò ní láti gùn. Tèmi kò ju báyìí lọ: "Ẹ ṣeun fún ọdún mẹ́rin tí mo lò lọ́dọ̀ yín. Mo ti rí iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ 15 oṣù yìí ni yóò jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn mi. Mo ṣe tán láti fi iṣẹ́ han ẹni tó máa gbà á." Kí n tó fún màdáàmù, mo kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ náà ń lọ?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n mú ẹnìkan wá tó lè gbapò mi, ni mo bá mú ọmọ àdúgbò wa kan wá. Owó ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn pẹ́ kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, àmọ́ ó dé.

Ìwà rere níbi ìkẹyìn ní èrè tó ṣeé fọwọ́ kàn: ibi tuntun lè pè wọ́n láti béèrè irú ènìyàn tí ẹ jẹ́.

Mo ti gba iṣẹ́ olówó oṣù rí, mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ebi.

Ẹ ò dá wà. Èyí ló ń dá àwọn ènìyàn padà sí búkà ju ohunkóhun lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kìlọ̀ fún wọn.

Ẹni tó ń gbowó ojúmọ́ ti mọ́ ara rẹ̀ lára pé alẹ́ kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní ọjọ́ 3 oṣù. Owó ò ní wọlé títí di ìparí oṣù, àwọn ibòmíì sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 15, wọ́n á kó owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti oṣù tó ń bọ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ti tán. Kò sí oníbàárà tó ń fi nǹkan sábẹ́ àwo mọ́. Tí ẹ bá ń gbé Ọbántokò, tí iṣẹ́ wá wà ní Ìdí-Àbà, owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ ń dúró dè yín, ẹ sì mọ ohun tí owó ọkọ̀ ti dà láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Nítorí náà, owó oúnjẹ àti ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ kí ẹ tó kúrò. Èésú ni mo lò. Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n gbé èésú tèmi sí oṣù tí mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì gbà. Àáró, kí ẹgbẹ́ máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko ní yíyípo, ni Líṣàbi fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ láyé àtijọ́. Kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Ẹ̀gbá láti bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìpààrọ̀ oṣù. Àwọn tó ń dá àjọ ojoojúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ náà lè ṣe é, kí wọ́n ṣáà rántí pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ. Ẹ lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ nínú kúlà. Ojú á kọ́kọ́ tì yín, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ ó rí i pé kúlà mẹ́ta míì ti wà lórí tábìlì.

Mo tún dá ọgbọ́n kan: fún oṣù méjì àkọ́kọ́, mo ṣì ń lọ bá ẹnìkan pín oúnjẹ ní òde ìnáwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo kọ́kọ́ béèrè níbi iṣẹ́ tuntun bóyá kò lòdì sí ìwé tí mo fọwọ́ sí.

Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ yẹn, ṣé kì í ṣe jìbìtì?

Jìbìtì ni tí wọ́n bá ń yọ ọ́ tí wọn ò san án síbi kankan. Ibi iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15, dandan ni fún un lábẹ́ òfin ọdún 2014. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni tiyín, ìdá mẹ́wàá ni ti agbanisíṣẹ́. Tí àpapọ̀ owó oṣù ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ bá jẹ́ ₦80,000, ẹ ó fi ₦6,400 sílẹ̀, wọ́n á fi ₦8,000 sí i. Orúkọ yín ni àpò náà ń jẹ́, ó sì máa tẹ̀ lé yín lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Tí iṣẹ́ bá bọ́ kí ẹ tó pé ọdún 50, tí oṣù mẹ́rin kọjá láìrí òmíràn, ẹ lè béèrè fún ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà àpò náà tí wọ́n ń pè ní PIN, kí ẹ sì máa wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ bóyá owó ń wọlé lóòótọ́.

Ṣé kò sàn kí n dá búkà tèmi sílẹ̀?

Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó ń sá fún owó tí kò dúró sójú kan, tó wá lọ ṣí búkà, inú odò kan náà ló bẹ́ padà sí, pẹ̀lú gbèsè gáàsì àti owó ṣọ́ọ̀bù. Tí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ sísè ló wà lọ́kàn yín, ẹ ṣe é. Tí ó bá jẹ́ ìbínú sí ọ̀gá ni, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná.

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ̀gbọ́n: ṣé ẹ ṣì máa ń débẹ̀?

Mo máa ń débẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí mo bá ti Kútọ̀ bọ̀. Ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe wọn ṣì dára ju ti gbogbo Pánṣẹ́kẹ́ lọ, mi ò lè purọ́. Ọmọ tí mo mú wá rọ́pò mi ló ń bu oúnjẹ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi ìwé kékeré kan hàn mí tó fi sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ dé oṣù kejì.